Ẹlẹ́ja Olúwo Ló Nílò Iṣẹ́ Abẹ Oníhò Kékeré Jù: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Kọmíṣọ́nà fún Ètò Ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Sí Kọmíṣọ́nà fún Ètò Ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àti ẹ̀yin aláṣẹ ètò adójútòfò Ìlera Èkó,

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní gbangba yìí jẹ mọ́ àìsàn kan tí kì í pariwo: kí ọ̀nà dí níbi tí kídìnrín ti so mọ́ ọ̀pá tó ń gbé ìtọ̀ lọ sínú àpò ìtọ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ọdún 1949 ni Anderson àti Hynes, oníṣẹ́ abẹ méjì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa bí a ṣe lè gé ibi tó fún náà kúrò, kí a sì rán ọ̀pá mọ́ kídìnrín padà kí ìtọ̀ lè ráyè ṣàn. Títí di òní, ọ̀nà wọn ni àwọn oníṣẹ́ abẹ káàkiri ayé ń tọ̀. Ní 1993, àwọn dókítà nílẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti ṣe iṣẹ́ kan náà láti ojú ihò kékeré mélòó kan, láìla ẹ̀gbẹ́ aláìsàn. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tó bá gbọ́ irú iṣẹ́ abẹ oníhò kékeré bẹ́ẹ̀ a ní ti olówó ni, ti àwọn tó ń wọ bàálù lọ sí Íńdíà. Èmi rò pé òdìkejì rẹ̀ ló jóòótọ́. Obìnrin tó ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ nílò rẹ̀ ju ọ̀gá báǹkì ní Erékùṣù Èkó lọ, ó sì yẹ kí Ìlera Èkó máa san owó rẹ̀ fún un. Ẹ fún mi láyè kí n ro ẹjọ́ náà dé ìdí.

Kídìnrín méjèèjì ń sẹ́ omi tó tó 180 lítà láti inú ẹ̀jẹ̀ wa lójúmọ́, wọ́n sì ń dá gbogbo rẹ̀ padà sínú ara, àyàfi bíi lítà kan àtààbọ̀ tó ń di ìtọ̀. Ìtọ̀ yìí a kọ́kọ́ gbára jọ sínú àpò kékeré kan nínú kídìnrín, lẹ́yìn náà a gba ẹnu tóóró kan bọ́ sínú ọ̀pá ìtọ̀. Ọ̀pá náà gùn tó sẹ̀ńtímítà 25 sí 30, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò ju mílímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ẹnu tóóró yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ìdènà níbẹ̀ ló gbé e wá láti inú oyún: ẹran ara tó yẹ kó máa ti ìtọ̀ sísàlẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Nínú àwọn mìíràn, òpó ẹ̀jẹ̀ kan tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ kídìnrín ló dábùú ọ̀nà tó sì tẹ̀ ẹ́. Òkúta inú kídìnrín lè fà á, ojú àpá iṣẹ́ abẹ àtijọ́ náà sì lè fà á. Apẹja Ẹ̀pẹ́ tó ti rí bí ojúoró ṣe ń dí ẹnu odò mọ̀ pé omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í gbẹ. Ńṣe ló ń kún, tó ń ya wọ oko olóko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kídìnrín ṣe ń wú, tí ẹran ara rẹ̀ ń fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ nítorí ìtọ̀ tí kò rọ́nà lọ. Ohun tó sì léwu níbẹ̀ ni pé kídìnrín kejì á ti máa ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, èsì á jáde dáadáa, dókítà á ní kò séwu, nígbà tí kídìnrín kan ti ń kú lọ lábẹ́lẹ̀.

Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà sọ ọ́. Ìrora á máa ta lábẹ́ egungun ìhà, á tún le sí i bí èèyàn bá mu omi tàbí bíà púpọ̀, èébì sì lè bá a rìn. Nígbà mìíràn, ibà ni yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ hàn nínú ìtọ̀. Ní ọjà, orúkọ ti wà nílẹ̀ fún gbogbo èyí kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ kídìnrín. Jẹ̀díjẹ̀dí ni, àgbo rẹ̀ sì wà nínú ike ní gbogbo ibùdókọ̀. Tàbí kí wọ́n ní àárẹ̀ ẹrù ni, ta ni yóò sì jiyàn? Ẹni tó ń ru agbọ̀n ẹja tútù láti etí omi láti ìdájí, tí omi ẹja ń ro sí i lọ́rùn, ta ni yóò ní kí ẹ̀yìn má dùn ún? Oníkẹ́mísì á fún un ní diclofenac tàbí ibuprofen, ara á fúyẹ́ fún ọjọ́ méjì, ọjà á sì máa lọ. Ṣùgbọ́n irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ inú kídìnrín kù, nítorí náà bí a bá ń lò ó lóòrèkóòrè, òun àti àìsàn ló jọ ń dojú kọ ẹ̀yà ara kan náà.

Ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, ohun mìíràn tún wà tó ń dojú ọ̀rọ̀ rú, èyí sì ni àtọ̀sí ajá. Àwọn olùwádìí ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ iléèwé ní agbègbè náà: kòkòrò tó ń ti ara ìgbín inú omi jáde, tó ń gba awọ ara wọlé nígbà tí èèyàn bá ń wẹ̀ tàbí tó bá ń pẹja nínú omi náà, tó sì ń mú kí ọmọ máa tọ ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọmọkùnrin kan ní etí ọ̀sà bá tọ ẹ̀jẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn òbí àti nọ́ọ̀sì ni àtọ̀sí ajá, ó sì lè jẹ́ òun lóòótọ́. Àtọ̀sí ajá náà ń dí ọ̀nà ìtọ̀. Ìsàlẹ̀, nítòsí àpò ìtọ̀, ló sábà máa ń dí. Èyí tí mò ń kọ̀wé lé lórí yìí, òkè ló ń dí, lẹ́nu kídìnrín. Oògùn praziquantel á pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kò lè la ibi tó ti di àpá, kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ìdènà tí ọmọ gbé wáyé. Sikáànì lásán, irú èyí tí wọ́n fi ń wo aboyún, tó láti fi hàn pé kídìnrín ti wú, ó sì lè fi hàn bóyá ọ̀pá ìtọ̀ wú pẹ̀lú rẹ̀ tàbí kò wú. Bí kídìnrín bá wú tí ọ̀pá kò wú, òkè ni ìdènà wà. Àyẹ̀wò tó rọrùn tó báyìí ló yẹ kí wọ́n ṣe fún gbogbo ẹni tí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá ń dùn léraléra.

Ó yẹ kí n sọ irú iṣẹ́ abẹ tí mo ní lọ́kàn, nítorí pé “oníhò kékeré” ti di ohun tí wọ́n fi ń polówó ọsibítù. Èyí tí mò ń sọ ni laparoscopic pyeloplasty. Dókítà akunilóorun á mú kí aláìsàn sùn fọnfọn. Wọ́n á fi afẹ́fẹ́ carbon dioxide fẹ ikùn díẹ̀ kí àyè lè wà, wọ́n á ti kámẹ́rà tó ní iná bọ inú ihò kan, wọ́n á sì ti irin iṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ àwọn ihò tó kù, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mílímítà márùn-ún sí mẹ́wàá lọ. Oníṣẹ́ abẹ á máa wo ojú tẹlifíṣọ̀n, á gé ibi tó fún, bí òpó ẹ̀jẹ̀ bá dábùú á gbé ọ̀pá ìtọ̀ kọjá sí iwájú rẹ̀, á wá fi òwú tíńtín rán an. Rírán yẹn gan-an ló le jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Kó tó parí, á fi páìpù rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ láti inú kídìnrín dé inú àpò ìtọ̀ kí ojú rírán lè jinná, wọ́n á sì yọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó ń yọrí sí rere fún ẹni tó ju 90 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, bíi ti iṣẹ́ abẹ gbangba.

Ọ̀nà mìíràn wà tó tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn dókítà ti ń gba ẹ̀yìn, tàbí kí wọ́n gba ihò ìtọ̀ láti ìsàlẹ̀, láti fi abẹ kékeré tàbí ìtànṣán léésà la ibi tó fún náà láti inú. Kò sí rírán níbẹ̀, kì í sì í pẹ́. Endopyelotomy ni orúkọ rẹ̀. Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbé e ka iwájú. Iye àwọn tó ń bọ́ lọ́wọ́ àìsàn nípasẹ̀ rẹ̀ kéré sí ti rírán, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa fún kídìnrín tó ti wú rẹpẹtẹ, bí òpó ẹ̀jẹ̀ bá sì dábùú níbẹ̀, abẹ tó ń la ọ̀nà láti inú lè kàn án, kí ẹ̀jẹ̀ sì bú. Ibi tó ti wúlò ni lára ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí tí ọ̀nà tún padà dí. Èwo wá ni ti àwọn tó ń fi páìpù rọ́bà nìkan sílẹ̀, tí wọ́n ní kí aláìsàn máa wá pààrọ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́fà mẹ́fà? Ìyẹn lè gba ẹ̀mí kídìnrín là nígbà tí ìtọ̀ ti dí pátápátá tí ibà sì ti wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di ìtọ́jú ayérayé, gbèsè ni. Páìpù tí a gbàgbé sínú ara máa ń kó òkúta sára, ẹni tó sì ti Ẹ̀pẹ́ wá, tí owó ọkọ̀ ń wọ́n lójoojúmọ́, ẹ mọ bó ṣe rọrùn fún un tó láti gbàgbé nígbà tí kò sí ohun tó ń dùn ún mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ẹlẹ́ja wa. Iṣẹ́ abẹ gbangba máa ń la ẹ̀gbẹ́, ojú abẹ rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ńtímítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń gba inú iṣan ẹran tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ tí a fi ń gbé ẹrù kọjá. Aláìsàn lè lo bí ọ̀sẹ̀ kan ní ọsibítù, wọ́n á sì kìlọ̀ fún un pé kó má gbé ohun tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n bá fi ihò kékeré ṣe tirẹ̀ sábà máa ń padà sílé láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, á sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúyẹ́fúyẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Fún ọ̀gá báǹkì, ìyàtọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò ju ìsinmi lọ, owó oṣù rẹ̀ á wọlé bó ti yẹ. Ọjà Olúwo kò mọ owó oṣù. Àrọ̀, òbòkun àti ẹpìyà tó bá jáde lómi láàárọ̀ kò ní dúró de ẹni tó wà lórí ibùsùn. Obìnrin tó ti fún apẹja lówó àwọ̀n sílẹ̀ kó lè máa gbé ẹja wá fún òun nìkan, bó bá di oṣù méjì tí kò jókòó sídìí àtẹ, ẹlòmíràn ti gba apẹja náà, oníbàárà tó ń ti Lẹ́kkí àti Ìjẹ̀bú-Òde wá ti mọ àtẹ ẹlòmíràn, alájọ sì ń bọ̀ wá gba owó lójoojúmọ́. Owó iṣẹ́ abẹ la máa ń kà ní ọsibítù. Owó ọjà tí a kò lọ kì í sí nínú ìwé kankan. Bí a bá kà á mọ́ ọn, iṣẹ́ abẹ gbangba tí a ní ó dínwó ló wọ́n jù fún ẹni tó ń fi agbára ara rẹ̀ jẹun. Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tó bá gbọ́ “oṣù méjì láìgbẹ́rù”, kì í lọ rárá. Á padà sídìí àgbo, kídìnrín á sì parí iṣẹ́ tó ń bá lọ.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yín yóò sọ pé iṣẹ́ abẹ gbangba ń yọrí sí rere dáadáa, àwọn dókítà wa sì mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ara ọ̀rọ̀ mi sọ fún aláìsàn pé kó lọ dúró de ẹ̀rọ. Kídìnrín tí a fi ojú abẹ gígùn gbà là sàn ju èyí tó kú nígbà tí à ń retí kámẹ́rà. Mo tilẹ̀ gbà pé fún ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan, àǹfààní ihò kékeré kò fi bẹ́ẹ̀ hàn, torí ojú abẹ ọmọdé kò gùn, ara rẹ̀ sì ń tètè jinná. Níbẹ̀, ẹ má fi owó ṣòfò. Ọmọdé tó ti dàgbà díẹ̀, ọ̀dọ́ àti àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ ni ẹjọ́ mi wà fún.

Wọ́n á ní ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rọ kídìnrín nìkan. Kámẹ́rà, iná, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àti tẹlifíṣọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń yọ àpò òróòro, tí wọ́n fi ń yọ ẹ̀ka ìfun tí appendicitis bá mú, tí àwọn dókítà tó ń tọ́jú obìnrin sì fi ń wo inú ẹni tó ń wá ọmọ. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, wọ́n sì ti kọ̀wé jáde nípa àpò òróòro tí wọ́n yọ bẹ́ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ti iná mànàmáná, ti Ifẹ̀ kò sàn ju ti Ìkejà lọ. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi róbọ́ọ̀tì tàn yín. Róbọ́ọ̀tì iṣẹ́ abẹ lè ná ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ, owó ìtọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún tún ń bọ̀ lẹ́yìn, èsì rẹ̀ lórí ìdènà kídìnrín yìí kò sì sàn ju ti ọwọ́ èèyàn tó mọ iṣẹ́ lọ. Ó máa ń mú kí rírán rọrùn fún dókítà, èyí dára. Àmọ́ fọ́tò ìfilọ́lẹ̀ ló máa ń dára fún jù.

Èyí tó wúwo jù nínú àtakò náà ni pé àìsàn yìí kò wọ́pọ̀ tó ibà, onígbáméjì àti ikú abiyamọ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ọmọ kan nínú 1,000 sí 1,500 ni a ń bí pẹ̀lú rẹ̀. Bí a bá mú ti ìsàlẹ̀, ní Nàìjíríà tí a ti ń bí ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù méje lọ́dún, iye rẹ̀ sún mọ́ 5,000 lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní nílò abẹ, kìkì pé kí wọ́n máa ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣọ́ wọn? Mi ò sì ní parọ́ fún yín pé gbogbo ẹni tí kídìnrín rẹ̀ kan kú ni yóò dé orí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Èèyàn lè fi kídìnrín kan gbó, kó tọ́. Àmọ́ èyí tó kù ni gbogbo ohun tó ní, nílùú tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ti pọ̀, tí oògùn ìrora sì wà lórí àtẹ bí ẹ̀pà. Àwọn kan wà tí méjèèjì dí, àwọn kan sì wà tí wọ́n bí pẹ̀lú ẹyọ kan. Ìjọba ìpínlẹ̀ yìí ti kọ́ ilé ìtọ́jú ọkàn àti kídìnrín sí Gbàgádà. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ dín owó fífọ ẹ̀jẹ̀ kù láti 50,000 náírà sí 12,000 náírà lẹ́ẹ̀kan ní àwọn ọsibítù rẹ̀ kan, LUTH, ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Èkó, àti ti Ẹbúté-Mẹ́ta wà lára wọn. Ó dára, a dúpẹ́. Ìparí ìrìn ni gbogbo owó yẹn ń lọ sí. Ohun tí mò ń bèèrè fún wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: sikáànì, páìpù tó ń fa ìtọ̀ kúrò nínú kídìnrín tó wú, àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ tó mọ inú ọ̀nà ìtọ̀ dáadáa, gbogbo wọn ló wúlò fún òkúta kídìnrín, fún àpá àtọ̀sí ajá àti fún àrùn jẹjẹrẹ tó ń tẹ ọ̀pá ìtọ̀, kì í ṣe fún ìdènà kan yìí nìkan.

Ti àwọn dókítà tó ń fò lọ ńkọ́? Ẹ kọ́ wọn tán, wọ́n a bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Ìdáhùn mi lè má dùn mọ́ àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú nínú: ẹ má gbé iṣẹ́ abẹ yìí wá sí Ọsibítù Gbogboogbò Ẹ̀pẹ́. Oníṣẹ́ abẹ tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kò lè mọ̀ ọ́n ṣe, rírán yẹn kì í ṣe ohun tí ọwọ́ ń rántí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ kó o jọ sí ojú kan, LASUTH, ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkejà, kí oníṣẹ́ abẹ méjì ó kéré tán, dókítà akunilóorun àti àwọn nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ jọ kọ́ ọ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́, kí ẹnì kan má bàa kó gbogbo ìmọ̀ náà wọ bàálù. Ohun tó yẹ kí Ẹ̀pẹ́, Àgbọ̀wà àti Ìkòròdú ní ni sikáànì tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, àti ìwé tó ń gbé aláìsàn lọ tààrà láìsí pé ó tún lọ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà káàdì ní Ìkejà. Ọ̀nà tó gba Ìtòíkín dé Ìkòròdú, kó tó wá kọjá sí Ìkejà, kì í ṣe ọ̀nà tí ẹni tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn ń rìn lẹ́ẹ̀mẹta nítorí fáìlì. Ó tún ku àyẹ̀wò kan tó ṣe pàtàkì: wọ́n á gún èèyàn ní abẹ́rẹ́ oògùn tó ní ìtànṣán díẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa ka bí kídìnrín kọ̀ọ̀kan ṣe ń gba oògùn náà àti bó ṣe ń tú u jáde. Òun ló ń sọ bóyá kídìnrín tó wú dí lóòótọ́, torí pé kì í ṣe gbogbo èyí tó wú ló dí, òun náà ló sì ń sọ bóyá ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀ tó ohun tí à ń torí rẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ. UCH, ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Ìbàdàn, ní ẹ̀ka tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kí Èkó bá Ìbàdàn kọ ìwé àdéhùn, kí Ìlera Èkó sì san án. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Òfin ti 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan ní Nàìjíríà, gómìnà ìpínlẹ̀ yìí náà sì ti buwọ́ lu àṣẹ tirẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2024. Ohun tí a bá sọ di dandan fún èèyàn, ó yẹ kí a kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè tó yé e. Mo fẹ́ kí a rí i kà pé sikáànì fún ìrora ẹ̀gbẹ́ wà nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dá a lábàá láti 2016 pé kí gbogbo aboyún ṣe sikáànì lẹ́ẹ̀kan kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Kí ẹ pa á láṣẹ pé ẹni tó bá ń ṣe é gbọ́dọ̀ wo kídìnrín ọmọ, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀, kì í ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin nìkan tí gbogbo ẹbí ń dúró láti gbọ́. Bí kídìnrín bá wú nínú oyún, kí wọ́n tún un wò lẹ́yìn ìbí, ó kéré tán nígbà tó bá ti kọjá ọjọ́ méjì, torí ọmọ tuntun kì í tọ̀ púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, sikáànì sì lè tan èèyàn jẹ. Kí iye tí aláìsàn ń fi kún un fún iṣẹ́ abẹ oníhò kékeré má ju ti gbangba lọ. Kí owó yíyọ páìpù rọ́bà wà nínú owó fífi í sí, kó má jẹ́ ìwé owó mìíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èyí tó kẹ́yìn yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí owó yíyọ kì í padà wá, àìpadàwá rẹ̀ ló sì ń di òkúta. Kí orúkọ gbogbo ẹni tí páìpù wà nínú rẹ̀ wà nínú ìwé kan, kí ẹnì kan máa pè wọ́n lórí fóònù nígbà tó bá tó àkókò.

Àwọn kan á ní asán ni gbogbo rẹ̀, pé àwọn ará ọjà kò ní fi àgbo sílẹ̀. Ẹ wo ìdí tí wọ́n fi ń rà á. Ẹni tó ń ra àgbo mọ iye tó máa san kó tó kúrò nílé, ó mọ ibi tó wà, ó sì mọ̀ pé òun á padà dé ìdí àtẹ lọ́jọ́ kan náà. Ọsibítù wa kì í jẹ́ kó mọ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, ẹ má ṣe wá ta ìbòrí sí Ọjà Olúwo, kí ẹ pín aṣọ olórúkọ, kí ẹ gbé orin sókè, kí ẹ wá lọ. Ẹ lẹ iye owó sikáànì mọ́ ara ògiri níbi tí àwọn ẹlẹ́ja ń gbà wọlé, pẹ̀lú ọjọ́ àti yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é ní Ọsibítù Gbogboogbò Ẹ̀pẹ́, kí ẹ sì bá Ìyálọ́jà àti àwọn oníkẹ́mísì àyíká sọ̀rọ̀ pé ẹni tó bá wá ra oògùn ìrora ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ibẹ̀ ni kí wọ́n darí rẹ̀ sí.

Kí ẹ tó dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, nǹkan kan wà tí ẹ lè ṣe láìná kọ́bọ̀. Ẹ ṣí ìwé àwọn ọsibítù tó wà lábẹ́ yín, kí ẹ tẹ iye mẹ́rin jáde fún aráàlú lọ́dọọdún: iye ẹni tí wọ́n tún ọ̀nà kídìnrín rẹ̀ ṣe, iye tí wọ́n ṣe láti ojú ihò kékeré nínú wọn, iye ọjọ́ tí wọ́n lò lórí ibùsùn, àti iye kídìnrín tó ti kú tí wọ́n fi yọ ọ́ dànù nítorí pé aláìsàn pẹ́ kó tó dé. Bí èyí tó kẹ́yìn bá kéré, ìjà mi kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ lè pa lẹ́tà yìí tì. Bó bá pọ̀, ẹ̀ka ìṣirò owó yín á lè sọ fún yín iye tí kídìnrín kan ń ná ìpínlẹ̀ yìí kí a tó yọ ọ́, ẹ ó sì lè fi wé owó sikáànì kan ní Ẹ̀pẹ́.